Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Mọ Oṣù

Ilé tí wọ́n bí Rhoda sí kò sí mọ́. Òkun ti gbé e lọ. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá lẹ́bàá Ayétòrò nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn lè rí orí òpó méjì tó ṣẹ́kù níbẹ̀, dúdú, tí ìṣáwùrú ti bò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé lórí pákó tó wà lórí òpó wọ̀nyẹn ni ọmọbìnrin kan ti máa ń jókòó, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi, tó ń retí ìró ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo láàárín gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá?

Rhoda mọ̀. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì ti kó wá sí Zion Pepe pẹ̀lú Fágbèmí, bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán, bó bá ti to ẹja sórí àrò tán, tí èéfín sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa padà sí ilé yẹn bí ọkọ̀ tí wọn kò so.

Ẹ jẹ́ ká bá a padà díẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, epo ti ń jáde lábẹ́ òkun, àwọn òyìnbó kọ́ńpìnnì sì ń sáré lórí omi Ìlàjẹ bí ẹni pé omi náà kò ní olówó. Rhoda kò tíì pé ogún ọdún. Ó ń wa ọkọ̀ kékeré bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra edé, àwọn apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kọ́ńpìnnì kan kọjá fòò. Ìgbì gbé ọkọ̀ Rhoda sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, edé sì dà sómi.

"Ọmọ kọ́ńpìnnì!" ni ó kígbe. "Ojú rẹ fọ́ ni? Ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ lo ti ń sáré ni?"

Ẹ́ńjìnnì kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà bojú wẹ̀yìn, ó wo edé tó ń léfòó káàkiri, ó sì ṣe ohun tí Rhoda kò retí. Ó bẹ́ sómi tòun ti aṣọ iṣẹ́, tòun ti bàtà. Òyìnbó tó gbé ń pariwo, kò dá a lóhùn. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ó ń fi fìlà bu edé sínú apẹ̀rẹ̀.

"Edé tó ti rin báyìí, kí ni kí n fi ṣe?" ni Rhoda bi í.

"Sá a."

"Oòrùn dà? Nínú oṣù òjò?"

"Màá bá ẹ wá oòrùn."

Ẹ̀rín pa Rhoda, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi àjẹ̀ gbá omi lásán. Lawrence Olówòkéré ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọmọ Òkìtìpupa, òkè tí ilẹ̀ ti le, tí kọ́ńpìnnì gbà síṣẹ́ awakọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Lawrence kì í sáré mọ́ bó bá ti dé iwájú ilé Fágbèmí. Yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ kí omi máa gbé e lọ jẹ́jẹ́. Òyìnbó rẹ̀ yóò máa wo aago, Rhoda yóò sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i, yóò máa fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá rẹ̀ a wí, "ìkòkò yẹn á lu o."

Veronica ni alárinà wọn. Ọ̀rẹ́ Rhoda ni láti kékeré, ẹnu rẹ̀ mú bí ẹ̀gún ẹja àrọ̀.

"Ọmọ kọ́ńpìnnì ní kí n kí ẹ."

"Kí ló ń kí mi fún?"

"Ó ní òun kò rí oorun sùn mọ́."

"Kó lọ bá òyìnbó rẹ̀, kó fún un ní oògùn."

"Ó ní kì í ṣe oògùn òyìnbó ló máa wo irú èyí." Veronica jókòó tì í, ó fi èjìká gbá a. "Rhoda, bí o kò bá fẹ́ ẹ, wí kí n mọ̀. Èmi náà ní ojú."

"Fi sílẹ̀!" ni Rhoda dáhùn kíá, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Ayé ìgbà yẹn dùn. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, epo ya sómi ní apá Awoye. Àbúrò Fágbèmí ń gbé níbẹ̀. Àwọ̀n rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹja kú sí ẹsẹ̀ ilé, àwọn ọmọ sì ń mu omi tó ní àwọ̀ òṣùmàrè. Fágbèmí lọ wò ó, ó padà wálé tìbínú-tìbínú. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ará ilé Lawrence gbé ọtí dé láti tọrọ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ì bá sàn.

Fágbèmí kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Mo gbọ́ pé ọmọ dáadáa ni," ni ó wí fún wọn. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àwọn tó ń pa mí kiri lórí omi kò lè jẹ́ àna mi. Ẹ gbé ọtí yín."

Rhoda wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí ìgò ṣe ń kanra bí wọ́n ṣe ń gbé wọn padà sínú ọkọ̀. Veronica dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Bá wọn lọ! Fò sínú ọkọ̀, kó parí!" Rhoda kò lọ. Bàbá rẹ̀ ni, omi bàbá rẹ̀ ni, ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí kọ́ńpìnnì gbé Lawrence lọ sí apá Warri. Rhoda fẹ́ Ọlálẹ́yẹ, tíṣà kan tí ìjọba rán wá láti òkè. Ọkọ rere ni. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi bú u, àfi pé òkun máa ń bà á lẹ́rù. Rhoda bí ọmọbìnrin kan fún un, Moríkẹ́, tó wà ní Àkúrẹ́ báyìí pẹ̀lú ọkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà Ọlálẹ́yẹ kú, Rhoda sì wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó bọ́ ọ, ó ń yan ẹja.

*

Fóònù alágbèéká ti dé etí omi nígbà tí Lawrence padà dé. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, òun náà ló sì tọ́jú rẹ̀ dópin. Ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, ó ń fi í gbé èrò láàárín Zion Pepe àti àwọn ìlú etí omi. Irun rẹ̀ ti funfun. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọjá níwájú ilé Rhoda, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn èrò inú ọkọ̀ pariwo. "Awakọ̀, ṣé epo ti tán ni?"

"Kò tán," ni Lawrence dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kí ènìyàn."

Rhoda dúró lẹ́nu ilé ìyan-ẹja, eérú bò ó títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì rí ìkòkò kankan láti fọ̀.

Alárinà kì í darúgbó. Veronica ti di ìyá àgbà, ó ń ta púpurù ẹ̀gẹ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi tún jókòó ti Rhoda. "Ọmọ kọ́ńpìnnì ní kí n kí ẹ o."

"Ọmọ wo? Ẹni tó ní ọmọ-ọmọ?"

"Ó ní òun kò tíì rí oorun yẹn sùn láti ọjọ́ náà."

Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe ń bọ̀ nígbà tí ara kò gbà á. Inú Rhoda dùn débi pé ó ń kọrin sí ẹja. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè sọ fún Lawrence, tí kò lè sọ fún Veronica pàápàá. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbàgbé nǹkan oṣù. Tirẹ̀ kò lọ, kò sì dúró. Ó lè fara pa mọ́ fún oṣù méjì, Rhoda á ní ó ti dá, á dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí kò retí, á ya dà bí omi tó já ìdè, á máa dà títí ọ̀sẹ̀ á fi tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, á máa jáde ní dídì bí ẹ̀dọ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí ẹni tó gbé àgbọn mì. Ó ń di aṣọ lé aṣọ. Ìró dúdú nìkan ló ń ró. Kì í jókòó sórí àga ẹlòmíràn mọ́. Ó ra àgbo lọ́wọ́ ìyá kan ní èbúté, ó mu ún, ẹ̀jẹ̀ náà tún wá bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ ìsinmi. Aláṣọ funfun ni ìjọ wọn, òfin ibẹ̀ sì ti wà kí wọ́n tó bí i: obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í wọ inú ilé àdúrà. Abẹ́ àtíbàbà tó wà níta ni yóò jókòó sí títí yóò fi mọ́. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á máa di irun ara wọn. Àárín wọn ni Rhoda ń jókòó sí, ìyá ẹni tó ti ní ọkọ, ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Àwọn ọmọ náà á dìde fún un níbi tó sàn, ìyẹn gan-an ló máa ń dùn ún jù.

Lawrence ti ní kí àwọn lọ bá Alàgbà ìjọ kó mú ọjọ́ ìsopọ̀ fún àwọn. Ẹ̀ẹ̀kan Alàgbà mú ọjọ́, Rhoda ní ẹja pọ̀ lórí àrò. Ó tún mú òmíràn, Rhoda ní orí ń fọ́ òun. Báwo ni ìyàwó ṣe máa dúró sí abẹ́ àtíbàbà kí wọ́n máa so ó pọ̀ mọ́ ọkọ tó wà nínú ilé?

Lẹ́yìn náà fóònù dákẹ́. Rhoda a máa lọ dúró sí ìkángun afárá pákó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, a di fóònù mú sókè bí ẹni tó ń fi ẹja han oníbàárà. Lawrence kò pè. Ọkọ̀ rẹ̀ sì ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìdẹ ẹsẹ̀.

Veronica ló mú ọ̀rọ̀ náà dé, ojú rẹ̀ le. "Rhoda, ta ni ọkùnrin náà?"

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó gbé ẹ dé abẹ́ ìbáwí! Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Inú ọkọ̀ Lawrence gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní obìnrin tó ti tó ọjọ́ orí rẹ, tó ń jókòó síta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kí ló tún kù bí kò ṣe pé ó ṣẹ̀, tí ìjọ sì yọ ọ́ sẹ́yìn? Opó sì rèé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló lè ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkùnrin?"

Lóòótọ́, abẹ́ àtíbàbà kan náà ni ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí máa ń jókòó sí. Rhoda kò rò ó rí. Ó ti ń fi ìtìjú kan pa mọ́ títí ó fi di ìtìjú mìíràn.

"Kí ni Lawrence wí?"

"Ó ní òun kò lè bá ẹnikẹ́ni du obìnrin mọ́ ní ọjọ́ orí òun. Ó ní kí n bá òun gba ọ̀rọ̀ náà padà." Veronica fi ọwọ́ gbá àyà. "Èmi tí mo ti ń jíṣẹ́ yín láti ìgbà tí a kò tíì ní ọmú tó dúró! O ò lè sọ fún èmi?"

"Kò sí ọkùnrin kankan."

"Kí ló wá gbé ẹ síta?"

Rhoda dìde kí ó má baà dáhùn. Ó ní òun fẹ́ yí ẹja padà. Àrò náà yí, òrùlé yí, èéfín di funfun báláú. Nígbà tó lajú, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Veronica, Veronica sì ti tú ìró dúdú náà wò. Ó ń sunkún láìpariwo, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Látìgbà wo, Rhoda?"

"Ó ti pẹ́."

"Mò ń lọ bá a. Kó tó tu ọkọ̀ rẹ̀, yóò ti gbọ́."

"Má lọ." Rhoda di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àwọn alárinà ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ sọ ọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ọ́, bàbá mi sọ ọ́. Èyí, èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ."

*

Lawrence ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté nígbà tí Rhoda dé. Ó ti ro ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, irú èyí tí obìnrin ń sọ tí ọkùnrin fi ń yọ́. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ìyá Moríkẹ́," ni Lawrence kí i, bí ẹni ń kí èrò ọkọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára mi," ni Rhoda wí.

Lawrence ju igbá sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Níbo lo ti gé?"

"Mi ò gé níbì kankan. Nǹkan oṣù ni."

"Ní ọjọ́ orí rẹ?"

"Ní ọjọ́ orí mi. Kò mọ oṣù mọ́, kò mọ ọ̀sẹ̀. Òun ló ń gbé mi jókòó síta. Òun ló jẹ́ kí n máa yẹ ọjọ́ tí Alàgbà mú. Kò sí ọkùnrin kankan, Lawrence. Ta ni yóò sún mọ́ mi tí mi ò ní sá fún?"

Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Rhoda fi gèlè nà án léjìká. "Ẹ̀rín lò ń rín? Mò ń kú lọ, ò ń rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ló ní ò ń kú?"

"Mo dákú nídìí àrò láàárọ̀ yìí."

Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ọkọ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Òkìtìpupa. Ọsibítù."

"Báyìí? Ẹja mi wà lórí iná!"

"Jẹ́ kó jóná."

Lórí omi, ó ń rọra wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó gbé ẹyin. Igbó tán létí odò. Nígbà náà ló wí pé, "Rhoda, mo gba ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ gbọ́. Ó yẹ kí n wá bi ọ́."

"Ó yẹ kí n ti sọ," ni Rhoda wí.

Obìnrin ni dókítà tó rí i. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ara Rhoda ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n ní kí Lawrence fi tirẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n lò, ó na apá. Nígbà tí Rhoda lágbára díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú ara ilé ọmọ láti mọ̀ bóyá àrùn burúkú wà níbẹ̀. Wọ́n dúró de èsì náà bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ nínú ìjì. Àrùn burúkú kò sí.

"Kókó ló wà nínú ilé ọmọ yín, Mà," ni dókítà wí. "Fáíbírọ́ìdì là ń pè é. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀. Ọjọ́ orí yín náà tún wà níbẹ̀: bí nǹkan oṣù bá fẹ́ dá, ó máa ń wá ségesège. Àwọn méjèèjì ló pàdé lára yín."

"Kí ni ṣíṣe?"

"A lè yọ ilé ọmọ kúrò, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ parí nìyẹn. Ẹ sì lè máa lo oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, pẹ̀lú èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára, kí a máa yẹ̀ yín wò. Bí nǹkan oṣù bá dá tán, kókó náà sábà máa ń súnkì fúnra rẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa dá?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn, Mà."

Lawrence ti sún mọ́ etí àga. "Ẹ yọ ọ́, Dókítà. Ẹ yọ ọ́ lónìí."

Rhoda wò ó. Ó rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ẹ̀rù ẹni tó ti jókòó ti ibùsùn aláìsàn rí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ó rántí ìgò ọtí tó ń kanra nínú ọkọ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Lawrence," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ikùn mi ni." Ó yíjú sí dókítà. "Màá lo oògùn. Bí kò bá gbọ́, màá padà wá fún ti ọ̀bẹ."

*

Oògùn náà gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ padà sí àtẹ́lẹwọ́ Rhoda. Ó ń gun afárá pákó láìdúró mí. Lawrence lọ bá Fágbèmí fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí pákó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, àìsàn àti oògùn, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ojú bàbá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì mọ́. "Nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, mo kọ̀ fún ọ," ni ó wí. "Ìgbà tí ara ń dà á láàmú lo tún wá tọrọ rẹ̀. Ta ló lójú nínú àwa méjèèjì?" Ó fọwọ́ kan orí Lawrence. "Ìwọ kọ́ lo da epo sómi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Inú ló ń bí mi. Dìde."

Ẹni tó kù ni Adétutù, ẹ̀gbọ́n Lawrence, tó tọ́ ọ dàgbà bí ìyá nígbà tí ìyá wọn kú. Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó wá láti Òkìtìpupa, kò sì fi ọ̀rọ̀ rán alárinà.

"Mi ò bá ọ jà," ni ó sọ fún Rhoda. Kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ marúgbó tí Rhoda gbé síwájú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí àbúrò mi bó ṣe ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ fún ọdún gbáko. Mo rí i bó ṣe rù. Mi ò fẹ́ kó tún sin obìnrin kejì."

"Àìsàn yìí kì í ṣe ti ikú, Àǹtí. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà ti sọ̀rọ̀ fún wa rí." Adétutù dìde. "Bó bá ní kí n wá, màá wá, nítorí àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n má retí ẹ̀rín lójú mi."

Rhoda kò lè bínú sí i. Òun náà ì bá wí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ àbúrò òun. Èyí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí ẹní: bóyá ìfẹ́ ni kí òun gba Lawrence, tàbí ìfẹ́ ni kí òun dá a sí.

Wọ́n fi ìdána sí ilé Fágbèmí. Alàgbà ìjọ ní òun yóò wá síbẹ̀ láti súre, pé òfin ilé àdúrà kò dé orí afárá bàbá ẹni. Oṣù tó ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ kò wá rárá. Rhoda bá gbà fún Veronica pé òun yóò wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́, irú aṣọ tí kò dán wò láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Moríkẹ́ dé láti Àkúrẹ́, ó lé tìróò fún ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga láàárín ilé, ọ̀sán tàn yòò lórí omi, àwọn ènìyàn kún afárá.

Ó dé nígbà tí Alàgbà ń gbàdúrà. Rhoda mọ̀ ọ́n kó tó dé tán: ìfúnpọ̀ kékeré yẹn nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́yìn náà ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Ó fún itan rẹ̀ pọ̀. Kò dúró.

"Àmín," ni wọ́n wí.

"Ó yá," ni olóhùn iyọ̀ tó ń darí ètò pè. "Kí ìyàwó dìde, kó wá kúnlẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, kí wọ́n rí i."

Rhoda kò dìde. Iwájú rẹ̀ ni Adétutù jókòó sí, ojú rẹ̀ le koko, ìró jọ́ọ̀jì méjì lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ. Wọ́n tún pè é. Ìró ìtàkùrọ̀sọ bẹ̀rẹ̀ lórí afárá. Ẹnì kan ní, "Ó tún ti yí ọkàn padà." Ó rí ojú Lawrence. Ó rí i bó ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ ìró ìgò tó ń padà sínú ọkọ̀ rí. Bí òun bá dákẹ́ lónìí náà, ìdákẹ́ yìí ni yóò sì tún pín wọn níyà.

"Mi ò yí ọkàn padà o," ni Rhoda wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe rò lọ. "Mi ò lè dìde ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó ti ba aṣọ mi jẹ́."

Alàgbà wo ilẹ̀. Veronica sáré síwájú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dìde ṣáájú rẹ̀. Adétutù ni. Obìnrin náà rìn la àárín ilé kọjá, ó tú ìró òkè nínú jọ́ọ̀jì méjì tó ró, ó fa Rhoda dìde, ó sì ró o fún un nídìí, ó fún un le dáadáa bí ìyá tó ń múra fún ọmọ.

"Èmi náà, ó mú mi rí," ni ó wí. Rhoda nìkan ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà Adétutù gbé ojú sókè, gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Mo ní ó mú èmi náà! Ọdún púpọ̀. Gbogbo ibi tí mo ń lọ ni mo ń gbé aṣọ dúdú sínú àpò. Ọkọ mi kú, kò mọ̀. Lawrence tí mo tọ́, kò mọ̀. Mi ò sì kú. Àwọn ọkùnrin, kí lẹ ń wò? Ibo ni ẹ gbà wá sáyé?"

Ẹ̀rín bú lórí afárá. Omijé ti ba tìróò Rhoda jẹ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó lè fi dúpẹ́, Adétutù kò jẹ́ kó rí i.

"Kúnlẹ̀ kíá, ìyàwó," ni ó sọ ọ́ sí i létí, ẹ̀rín tí kò fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. "Èmi ni mo dúró tì ọ́ lẹ́yìn."

Rhoda kúnlẹ̀. Fágbèmí na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan orí ọmọ rẹ̀, ó sì sinmi lé e.

"Rhoda, ọmọ mi. Ẹrù àwọn èèyàn yìí wà nílẹ̀. Ọtí wọn wà nílẹ̀. Ìwọ ni mo ń bi lónìí, kì í ṣe ìbínú mi. Ṣé kí n gbà á?"

Rhoda wo Lawrence, tó ti dìde láìmọ̀, tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbà á, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ tètè gbà á, kí n lè lọ pààrọ̀ aṣọ."